Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ligaya

"Mo ní kó o dá ẹ̀rọ yẹn dúró, Adéwùsì!" Ìyá Dúrótadé ló ń pariwo ní Gbàgede Filipíìnì tí wọ́n ń kọ́ sí Ìkìrun.

Ẹ̀rọ náà ṣì ń fi sìmẹ́ǹtì tẹ ère Nọ́ọ̀sì Ligaya jáde ní ìpele-ìpele lórí òpó gíga. Nọ́ọ̀sì náà wà lára àwọn tó ti Manila wá tọ́jú wa nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tiwa lọ sí òkè òkun tán.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni iyì là ń gbé ga," Adéwùsì tó ya àwòrán ibẹ̀ fèsì.

"Gíga wo? Ṣebí ó kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fi ọwọ́ àgbà kan iwájú orí wọn láti kí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú tiwọn? Ta ló máa gun àkàbà lọ kí òun náà?"

"Ṣùgbọ́n, mà..."

"Ọwọ́ Ligaya yẹn ló fi gbà ẹ́ nígbà tí ìyá ẹ bí ẹ. Ṣé orí òpó ló dúró sí lọ́jọ́ náà?"