Ẹni Tó Ni Ìgò Kẹrìnlá

Ìyá Onígò, tó ń fọ ìgò ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé wa, ní ọjọ́ Àìkú tó parí oṣù kẹfà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú omi gbígbóná.

Níbi iṣẹ́ wọn, wọn kì í kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà ni. Aláìsàn nìkan ló ń mú káàdì nọ́ńbà rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀jẹ̀ ń bá jà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bóyá fáírọ́ọ̀sì kan ń sùn nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, oògùn líle tí dókítà fẹ́ lò á jí i, ẹ̀mí á sì bọ́. Bí kò bá sí, ìwòsàn dé.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ló ń ṣe àyẹ̀wò náà. Nígbà tí ìgò kẹrìnlá dé ní ọjọ́ Ajé, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì rọra nù ún bí ẹni ń nu imú ọmọ. Ìyá Onígò rí i. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́ pé Ẹlẹ́rìn-ín ní àfẹ́sọ́nà tí ara rẹ̀ kò yá.

Aṣọ́nà béèrè bóyá ẹni náà ga. Ó ní kò ga ju òun lọ. Akọ̀wé béèrè bóyá ó máa ń gbọ́ràn. Ó ní ibi tó bá wu òun lòun ń darí rẹ̀ sí, àfi tí oorun bá gbé e.

"Ìwọ ọmọ yìí, àbí ẹ ti jọ ń gbé ni?" Ìyá Onígò bi í.

"Ìyá, a ò tíì sùn lọ́tọ̀ rí."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé etí ọ̀gá. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹbí rẹ̀ wò. Ó béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ni, bóyá ọmọ, bóyá ọkọ. Gbogbo rẹ̀, rárá, sà. Ọ̀gá fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí akọ̀wé jókòó tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ki ìgò náà bọ ẹ̀rọ. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà, ìlà pupa kan á gùn sókè lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà náà kò gbéra. Wọ́n tún un ṣe, kò gbéra. Aṣọ́nà jó dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé gbé Ìyá Onígò, ó fi í pòòyì. Ẹlẹ́rìn-ín kàn di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sáré lọ sọ fún un. Kí ló dá ẹ dúró?" akọ̀wé wí.

"Ó ti gbọ́."

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, gbogbo wọn rọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù láti wo ojú ọkọ ìyàwó, nọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà kẹrìnlá, Ẹlẹ́rìn-ín sì bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó fà á lé Ìyá Onígò lọ́wọ́, ó gun bẹ́ẹ̀dì.