Ìyá Tó Da Omi Iyọ̀ Sí Ẹ̀wà Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Bí èébì bá tilẹ̀ ń gbé yín, ẹ kà á tán, nítorí ọmọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

1.
Ní ọdún 1996, Èyíwùnmí àti ọkọ rẹ̀, Babáwálé, ń gbé ní Kettering lókè òkun. Èyíwùnmí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Upper Marlboro, ó sì ń kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Bọ́lánlé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó wà ní kíláàsì kẹta.

Àìsàn kan ń ṣe obìnrin yìí, tó ń ṣe púpọ̀ nínú wa: ipò. Ní Ìbàdàn tó ti kàwé, wọ́n máa ń kọ ipò sórí ìwé èsì, kí gbogbo ilé lè mọ ẹni tó ṣe kìíní àti ẹni tó gbẹ̀yìn. Ilé-ìwé Bọ́lánlé kì í kọ ipò fún ẹnikẹ́ni. Èyíwùnmí kò gbà.

"Ipò kélòó lo wà?" ni í máa ń bi ọmọ náà bó bá ti wọ mọ́tò.

"Mọ́mì, wọn kì í fún wa ní ipò."

"Irọ́ ni. Ibi tí èèyàn méjì bá wà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú."

2.
Nígbà tí òtútù lọ, tíṣà wọn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní hóró ẹ̀wà. Kálukú gbìn ín sínú ife oníke, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, wọ́n sì tò wọ́n sójú fèrèsé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi rúlà wọn gíga wọn, tí wọ́n sì ń ya àwòrán ewé tó bá yọ.

Inú Bọ́lánlé dùn dé ẹ̀yìn. Ó fẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì, tíṣà ní kí èmi àti Zoe tá a jọ ń jókòó..."

"Ti ta ló ga jù?"

"Ti Zoe ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, Mọ́mì, tíṣà ní..."

"Zoe! Kí ni Zoe ń jẹ tí ìwọ kì í jẹ?"

Èyíwùnmí tan rédíò mọ́tò.

3.
Ilé-ìwé náà máa ń ní kí òbí wá ran tíṣà lọ́wọ́. Èyíwùnmí gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọ kóòtù, ó fín lọ́fínńdà, ó dé kíláàsì. Ó ń bá wọn gé pépà, ó ń bá tíṣà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, tí tíṣà tẹ̀lé wọn, ó ní òun á bá wọn tún kíláàsì ṣe.

Ó wá yọ ìgò kan nínú báàgì. Omi iyọ̀ ni. Ilé ló ti pò ó, nínú kíṣìnnì rẹ̀, ó mì ín títí tó fi yọ́.

Ẹ wo nǹkan! Ìyá ọlọ́mọ, tó ń gbóhùn ìyìn sókè lọ́jọ́ Ìsinmi, ló dúró lójú fèrèsé tó ń wá orúkọ ọmọ ọdún mẹ́jọ kiri ara ife. Ó rí Zoe. Ó da gbogbo rẹ̀ sí i. Nígbà tí Zoe wọlé, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Ọmọ dáadáa." Ọwọ́ kan náà ni o! Itọ́ ni kéèyàn tu.

4.
Kò pẹ́ tí ẹ̀wà náà fi rọ, tó dorí kodò. Bọ́lánlé wọ mọ́tò pẹ̀lú ẹkún.

"Zoe kò bá mi jókòó mọ́. Wọ́n ní èmi ni mo pa ẹ̀wà rẹ̀."

"Kí ló kàn ọ́ kan ẹ̀wà Zoe?"

"Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀! Òun ló ń tọ́jú tèmi. Tíṣà ní kí kálukú máa tọ́jú ti ẹnìkejì ẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Torí pé mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa ló ṣe ga!"

Èyíwùnmí ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dá mọ́tò dúró.

"Ethan tá a jọ wà ní kíláàsì fi ìka kan yẹ̀pẹ̀ ẹ̀, ó lá a. Ó ní iyọ̀ ni. Mọ́mì, ta ló máa fi iyọ̀ sí ẹ̀wà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀nà àtúnṣe ṣì wà níbí. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ìyá yìí:

"Sọ fún tíṣà pé ìwọ ni. Sọ pé o kàn fẹ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọmọdé ni ẹ́, wọ́n á dárí jì ọ́."

Ọmọ náà nu omijé ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ṣé o fẹ́ kí ojú tì mí ni?"

5.
Bọ́lánlé dúró níwájú kíláàsì, ó ní, "Èmi ni." Zoe bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ń rí bí ọmọ yìí ṣe ń tọ́jú ife náà láràárọ̀ kò gbà á gbọ́. Ó pe Babáwálé.

Babáwálé dé ilé, ó bi ọmọ, ó bi ìyá. Èyíwùnmí gbà pé òun ni.

"O da iyọ̀ sí ẹ̀wà ọmọ ọlọ́mọ," ni ọkọ rẹ̀ wí, "o wá ki irọ́ bọ ọmọ tìrẹ lẹ́nu?"

"Torí ọmọ wa ni mo ṣe ṣe é."

"Torí tirẹ̀ kọ́! Torí kí o lè rí nǹkan fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. O kó mi nírìíra."

Babáwálé mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé-ìwé. Èyíwùnmí jẹ́wọ́ níwájú tíṣà àti ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n ní kó má tún wọ kíláàsì mọ́. Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi kúáyà sílẹ̀ kí wọ́n tó lé e. Zoe àti Bọ́lánlé parí ìjà, wọ́n sì gbin ẹ̀wà mìíràn.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, Èyíwùnmí jókòó sínú mọ́tò níta, ó sọ gíláàsì fèrèsé mọ́tò kalẹ̀ kó lè gbọ́ wọn. Bọ́lánlé di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ìyá ọmọ kan bi í lẹ́nu ọ̀nà pé, "Màmá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi iṣẹ́," ni Bọ́lánlé dáhùn. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń lé ipò kiri lórí ọmọ, ẹ ṣọ́ra! Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ má ba ti ọmọ ẹlòmíì jẹ́ kí tiyín lè ga, ẹ má sì fi ọmọ yín bo ìwà ìbàjẹ́ yín. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.