Bẹ́ńṣì Abẹ́ Fèrèsé

Opó tó ń gba àlejò sílé ní Òkè-Ìmẹ̀sí ń fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀ríolúwa ọmọ rẹ̀ gbé fóònù tọ̀ ọ́ wá.

"Màámi, àlejò tó lọ láàárọ̀ fún wa ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní sàréè wà lábẹ́ fèrèsé, a ò sì sọ fún òun."

"Bàbá rẹ kì í kúkú hanrun."

"Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Bí ẹlòmíì bá tún kọ irú èyí, a ò ní rí àlejò mọ́."

"Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jókòó lé e jẹ iyán. Wọ́n ní bẹ́ńṣì náà tutù dáadáa."

Ẹ̀ríolúwa kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká fi pákó bò ó, kó di bẹ́ńṣì lóòótọ́."

Opó náà kò jiyàn. Ó sá aṣọ tán, ó gba fóònù, ó pe káfíńtà.

"Ṣe é kó fẹ̀," ó ní. "Kó bo ààyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n má kàn án mọ́lẹ̀. Wọn yóò ní láti gbé e kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé mi bọ̀."