Àwọn Ewúrẹ́ Tí Kì Í Ráhùn

Oṣooṣù ni Fadérera ń wá sí yàrá ìwádìí yunifásítì láti bi àwọn ẹran léèrè bóyá wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa. Òfin ti pàṣẹ pé kí ẹran kọ̀ọ̀kan wọ ọ̀já ọrùn tó ń fi èdè ènìyàn sọ bó ṣe ń ṣe é.

"Ara mi le. Wọn kì í fìyà jẹ mí," ewúrẹ́ àkọ́kọ́ wí. Ohun tí èkejì sọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kanlẹ̀.

Ara fu Fadérera. Ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkànmú tó ni ìwádìí náà.

"Ṣé ẹ rí i, Mà? Kò sí èyí tó ráhùn nínú wọn."

Fadérera tú ọ̀já ọrùn ẹ̀kẹta, ó so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì já ara rẹ̀ léèékánná títí omi fi lé sójú rẹ̀.

"Ara mi le," ni ọ̀já náà wí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì mi."

Fadérera padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́ kẹta. Ó kúnlẹ̀, ó rọra fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà. Ẹran náà figbe ta. Ni àwọn yòókù bá gbà á, títí igbe wọn fi bo ohùn tó ń ti ọ̀já ọrùn wọn jáde mọ́lẹ̀.