Ọlálékan àti Orin Ohùn Mẹ́rin

Ìgbéraga ni àbùkù Ọlálékan. Ó mọ orin, ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n bó bá ti kọ́ ohun kan lónìí, ẹni tí kò mọ ohun náà ti di òpè lójú rẹ̀ lọ́la. Irú wọn pọ̀ láàárín wa. Wọ́n á gun àkàbà dókè tán, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àkàbà.

Enugu ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, ọmọ Igbo sì ni Ozioma ìyá rẹ̀, tó ń kọ ohùn áàtò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Yorùbá kan ní àdúgbò Ogui. Nígbà tí àwọn méjèèjì kú, Bàbá Ìyàndá ló gba ọmọ náà tọ́. Káfíńtà ni bàbá yìí ní ọjà Artisan, òun náà sì ni olórí akọrin ìjọ. Ara pákó ló ti kọ́ ọmọ ọdún méje náà ní dò-rè-mí, tí àwọn akọrin ń pè ní sọ́fà. Á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀, Lékan á kọ ọ́ lórin, bàbá á wá fi ìfági fá a kúrò kí ó lè kọ òmíràn.

Lékan wọ yunifásítì, ó gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ orin, ó sì tún wọlé fún oyè kejì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń hun orin tuntun. Orí ìlà márùn-ún ni wọ́n ń kọ orin sí níbẹ̀, wọn kì í lo sọ́fà. Iṣẹ́ tí yóò fi gboyè ni orin ohùn mẹ́rin kan tó fi ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, orúkọ Ozioma ló sì fi parí rẹ̀. Òfin wọn ni pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara gbọ́dọ̀ kọ orin náà níwájú àwọn olùdánwò. Lékan ti sún ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá rí i ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ọdún mẹ́ta rẹ̀ gbé nìyẹn.

Ó gbé ìwé orin náà lọ bá àwọn akọrin Ogui. Wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sódò. Nneka, ìyàwó ará Ọ̀yọ́ kan, tó ń ta aṣọ ní ọjà Ogbete, ló ń jókòó sí ipò tí ìyá Lékan fi sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lékan, abeg, put sọ́fà for under am. Ojú wa ò mọ èyí."

Bàbá Ìyàndá náà bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ pé kó bá wọn yí i sí sọ́fà. Lékan dìde.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Orin yìí ti kọjá dò-rè-mí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ kó lọ kàwé."

Bàbá ká ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ àpò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ tí aṣọ ń pa bí ọtí?

Lékan kó kúrò ní Ogui. Ó bẹ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí Lékan kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí nínú wọn, olúkúlùkù sì rántí pé òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Bàbá pè é lórí fóònù ní Sátidé mẹ́ta, kò gbé e. Nneka fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ni ìdánwò rẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ wá fi òun ṣẹ̀sín ni, ó sì dí nọ́ńbà wọn. Ó pinnu pé, òfin ìbáà kọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà ni yóò kọ orin náà. Á ti ìlẹ̀kùn yàrá, á máa jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án gangan, ohùn ẹ̀rọ nìkan ni yóò sì máa dún létí rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n òun ló ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ogún àga ni wọ́n tò síwájú fún àwọn akọrin. Lékan nìkan ló wọlé, ó gbé kọ̀ǹpútà dání. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà bi í pé àwọn akọrin dà, ó ní wọn ò wá. Ó tún bi í bóyá ó pè wọ́n. Lékan ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ orin. Kò lè pe ọ̀rọ̀. "Áà, áà" ló ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì dé ibi orúkọ Ozioma, "áà" náà ni. Àwọn olùdánwò wo ara wọn, wọ́n pa ìwé wọn dé. Wọ́n yọ orúkọ Lékan kúrò láàárín àwọn tí yóò gboyè.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Lékan wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ogui, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ìyàndá. Bàbá fa ìwé kan lé e lọ́wọ́. Orin rẹ̀ ni, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n ti fi pẹ́ńsù káfíńtà yí sí sọ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ti mọ orin orí ìlà márùn-ún kà kí wọ́n tó bí Lékan. Nítorí àwọn tó kù ló ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí.

"A ti mọ̀ ọ́n tán láti oṣù tó kọjá," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ nìkan la ń bi ọ́."

Lékan lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àwọn akọrin dìde, wọ́n kọ orin náà, Nneka sì pe Ozioma ketekete. Ó dára ju bí Lékan ti gbọ́ ọ nínú orí ara rẹ̀ lọ. Ó sunkún bí ọmọdé, nítorí kò sí olùdánwò kankan níbẹ̀, ọjọ́ sì ti kọjá. Kò gba oyè náà títí di òní.

Ìwọ tí ìwé ń gbé ga, ọ̀rọ̀ mi dọwọ́ rẹ. Má fi ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ gan ẹni tó fi ohun tó mọ̀ tọ́ ọ dàgbà. Àgbà tó dákẹ́ lè mọ̀ jù ọ́ lọ. Bí àwọn ènìyàn rẹ bá ní kí o kọ ọ́ lọ́nà tí àwọn lè kà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní dín ọgbọ́n rẹ kù. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ lórí fóònù, gbé e. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti múra tán láti bá ọ kọrin.