Irùngbọ̀n Fàsásì àti Àtè Ọjọ́ Yìgì

“Bàbá Sìdí, àdín wà nínú kólòbó. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò.”

Ohun tí Àtọ́kẹ́ sọ kẹ́yìn fún Fàsásì ọkọ rẹ̀ nìyẹn kó tó kú. Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀.

1. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, kò sí ẹni tó mọ àtè í sè tó Fàsásì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹyẹ tó bá bà lé oje náà, tirẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìgì Sìdí, ọmọ kan ṣoṣo tí Àtọ́kẹ́ bí fún un, Fàsásì rí odídẹrẹ́ lórí igi ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ̀gbọ́n, lónìí?” ni Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ̀ wí. “Àwọn àna yín ti kúrò ní Bẹyẹrúnkà o!”

“Ẹyẹ kan péré ni.”

Ó fi àtè kun ẹ̀ka igi. Ó wòkè, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n bí ìṣe rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n pinpin! Odídẹrẹ́ fò lọ.

2. Ẹ gbọ́ o, ọwọ́ yìí ni yóò fi fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́! Bí Fàsásì kò bá jáde sí àwọn àna, ẹlòmíràn ni yóò dúró bí bàbá Sìdí.

Ó da omi gbígbóná sí i, omi jó o. Ó fi yanrìn ha á, àtè ràn dé etí.

“Ẹ jẹ́ ká fi àdín pa á,” ni Àṣàkẹ́ wí.

“Ta ló ń se àtè nínú èmi àtìwọ?”

“Ẹ̀yin ni. Ta ló lẹ̀ mọ́ ọn?”

Inú bí Fàsásì. Ó fọwọ́ òsì mú abẹ, ó gé irùngbọ̀n apá kan. Irùngbọ̀n ogún ọdún! Ó kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́, ó kù sọ́wọ́.

3. Àwọn àna dé. Sìdí wọlé.

“Bàbá, bí ẹ ò bá jáde, mi ò lọ.”

Fàsásì fúnra rẹ̀ ló gbé kólòbó tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti oṣù mẹ́jọ tí Àtọ́kẹ́ ti kú. Àṣàkẹ́ fi àdín ra ọwọ́ náà àti etí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àtè rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n fi àkísà nù ún, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ọwọ́ mọ́.

Ó jáde pẹ̀lú ìlàjì irùngbọ̀n. Ààfáà fẹ́ ṣàdúrà, ẹ̀rín ò jẹ́. Fàsásì alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa Sìdí lé Gàfárù ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sára o! Bí oje bá lẹ̀ mọ́ yín, ẹ má mú abẹ. Ẹ fi epo mú un rọ̀ kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ dí yín létí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí oṣù kan pé, Fàsásì kò tíì fá irùngbọ̀n tó kù. Kò tíì kó aṣọ Àtọ́kẹ́ kúrò ní yàrá. Kò tíì lọ wo ilé tí Sìdí ń gbé.