Ẹ Kú Iṣẹ́ ní Aṣálẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Oyèkúnlé ayàwòrán máa dé aṣálẹ̀ nìyí. Musa awakọ̀ nìkan ni wọ́n jọ wá. Ọkọ̀ ló jókòó sí lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì gbọ́ Yorùbá. Oòrùn ti wọ̀, atẹ́gùn ń pa ipasẹ̀ tí Oyèkúnlé máa tọ̀ padà rẹ́, síbẹ̀ ó ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó kù lè rọra kán wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ni ó dáhùn láìbojúwẹ̀yìn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìgbà náà ni orí rẹ̀ tó wú.

"Ẹ ya èmi náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá mi lóhùn."

Níwájú kámẹ́rà, iyanrìn tẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń tún ìdúró ṣe.